Iná tó ń ta wá nílé àti níbi iṣẹ́: èwo la lè fojú fò dá, èwo ló yẹ ká sáré sí?

Bí ìgbà òtútù bá ti wọlé báyìí, tí kálukú ti tan hítà sílé, ìbéèrè kan wà tí kì í yéé dé ọ́fíìsì wa. Ẹnì kan á ní, "Ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tó jẹ́ pé gbogbo irin tí mo bá fọwọ́ kàn ló ń ta mí?" Ẹlòmíràn á ní bí òun ṣe di tírólì mú ní ilé ìtajà báyìí, iná ta òun páà. Àwọn mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá ara àwọn kò dá, tàbí pé ayé ló ń ṣe àwọn. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹnì kan á wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé ti òun kò le, ẹ̀rọ ìfọṣọ nìkan ló máa ń gbọ̀n òun díẹ̀ bí òun bá fẹ́ kó aṣọ, ó sì ti mọ́ òun lára.

Ẹni ìkẹyìn yìí gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá jù. Àwọn tó ń páyà kò sí nínú ewu kankan, ẹni tí kò páyà ló wà nínú ewu. Nítorí náà la ṣe kọ àlàyé yìí, kí tọmọdé tàgbà lè mọ ìyàtọ̀ láàrin méjèèjì, kí wọ́n sì mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe.

IRÚ INÁ MÉJÌ NI

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé gbólóhùn kan náà là ń lò fún ohun méjì. Bí ìka wa bá ta níbi ọwọ́ ilẹ̀kùn, a ó ní "iná ta mí". Bí fíríìjì bá gbọ̀n wá, a ó tún ní "iná ta mí". Bẹ́ẹ̀, ibi tí iná méjèèjì ti ń wá kò jọra rárá.

Ti àkọ́kọ́, orí ara wa ló ti kó jọ kí a tó fọwọ́ kan irin. Ti ìkejì ń wá láti inú wáyà tó gbé iná wọ inú ilé. Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa, a ó máa pe àkọ́kọ́ ní iná ara, a ó sì máa pe ìkejì ní iná wáyà.

Iná ara dà bí omi inú ife. Ẹ dà á lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Iná wáyà dà bí omi ẹ̀rọ. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò bá tì í, yóò máa dà ni.

KÍ LÓ Ń FA INÁ ARA?

Bí nǹkan méjì bá ń ra ara wọn, pàápàá náílọ́ọ̀nù, rọ́bà, pọlisítà àti irun àgùntàn, ọ̀kan máa ń gba iná tín-ń-tín lára èkejì. Bàtà onírọ́bà lórí kápẹ́ẹ̀tì náílọ́ọ̀nù, aṣọ wa lára àga mọ́tò, búláńkẹ́ẹ̀tì lára aṣọ tí a fi ń sùn, kódà irun atáṣímẹ́ǹtì lára kọ́là kóòtù, gbogbo wọn ló ń ṣe é. Bí a ti ń rìn, bí a ti ń dìde tí a ń jókòó, iná yìí ń kó jọ sí wa lára, a kò sì mọ̀.

Bí afẹ́fẹ́ bá ní ọ̀rinrin nínú, iná náà á rọra yọ́ lọ fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ kì í jẹ́ kó lọ. Afẹ́fẹ́ òtútù tó wà níta kò lè gbé omi púpọ̀ dání. Nígbà tó bá wọlé, tí hítà sì mú un gbóná, á wá gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Ẹ rántí ọyẹ́ nílé. Ètè á sán, ẹsẹ̀ á funfun, bí ènìyàn bá sì bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náílọ́ọ̀nù lálẹ́ nínú òkùnkùn, ẹ ó gbọ́ tí yóò máa ta pá-pá-pá, ẹ tilẹ̀ lè rí iná wínní-wínní lára rẹ̀. Ilé tí hítà ń jó látàárọ̀ dalẹ́ níbí, ọyẹ́ ló wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí a bá wá nawọ́ sí irin, tàbí sí ẹlòmíràn, iná tó ti kó jọ yìí á fò jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Irú kan náà ni pẹ̀lú mọ̀nàmọ́ná ojú ọ̀run, títóbi nìkan ni tọ̀hún fi jù ú. Inú àwọsánmà ni tọ̀hún ti kó jọ, orí ara wa ni tiwa ti kó jọ.

Ó lè yà yín lẹ́nu pé iná ara máa ń tó nǹkan bíi 3,000 fólítì kí a tó mọ̀ ọ́n lára rárá, ó sì lè kọjá 10,000. Iná tó ń wọ ilé wa ní Britain, 230 fólítì péré ni. Ṣé iná ara ló wá léwu jù ni? Rárá o. Iye fólítì nìkan kọ́ ló ń pani. Bí iná tó gba inú ara kọjá ṣe pọ̀ tó, àti bó ṣe pẹ́ tó nínú ara, lohun tó ń ṣe ènìyàn léṣe. Iná ara kéré gan-an, kí a tó ṣẹ́jú ó ti tán. Kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í sì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ń fi nǹkan ṣe yín.

BÍ Ẹ ṢE LÈ DÍN INÁ ARA KÙ

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ọwọ́ ilẹ̀kùn tàbí bọ́tìnì líìfù, ẹ di kọ́kọ́rọ́ tàbí owó kọ́ìnsì mú dáadáa, kẹ́ ẹ fi kan irin náà lákọ̀ọ́kọ́. Iná á bá ibẹ̀ lọ, ìka yín ò ní ta.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ẹ ti di irin ara ilẹ̀kùn mú kẹ́ ẹ tó dìde lórí àga. Ẹ má fi í sílẹ̀ títí ẹsẹ̀ yín á fi kanlẹ̀.

Ní ilé epo, ẹ fọwọ́ kan irin ara mọ́tò kẹ́ ẹ tó di ọwọ́ ẹ̀rọ epo mú, kẹ́ ẹ má sì padà wọ inú mọ́tò nígbà tí epo ń wọlé. Ibí yìí jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí iná ara ti lè di wàhálà, nítorí pé oòru epo bẹntiróòlù lè gbiná.

Ẹ máa fi òrí tàbí ìpara pa ara. Awọ ara tó bá gbẹ ni iná ń kó jọ sí jù. Ẹ wọ aṣọ òwú dípò náílọ́ọ̀nù níbi tó bá ti ṣeé ṣe.

Ẹ dín hítà kù díẹ̀. Ẹ lè gbé abọ́ omi kan sí ẹ̀gbẹ́ rádíétọ̀. Àmọ́ ẹ má sọ yàrá di ibi tí ẹ ti ń sá gbogbo aṣọ tútù láìṣí fèrèsé, nítorí ọ̀rinrin àpọ̀jù ló ń bí èbu dúdú ara ògiri, èyí tó ń yọ àyà àwọn ọmọ lẹ́nu.

INÁ WÁYÀ: Ọ̀RỌ̀ GBÈSÈ NI YÌÍ

Ẹ wo pílọ́ọ̀gì ilẹ̀ yìí dáadáa. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní. Nínú wáyà rẹ̀, èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí kòkó ló ń gbé iná wá, èyí tó ní àwọ̀ búlúù ló ń gbé e padà, èyí tó ní àwọ̀ ewé àti yẹ́lò pa pọ̀ ni wáyà ilẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá ní ara irin, bíi kúkà, fíríìjì, áyọ́ọ̀nù tàbí ẹ̀rọ ìfọṣọ, wọ́n máa ń so wáyà ilẹ̀ mọ́ irin náà.

Iṣẹ́ wáyà ilẹ̀ ni pé bí wáyà tó ń gbé iná bá bó nínú ẹ̀rọ, tó sì fara kan irin, kí iná náà lè bá wáyà ilẹ̀ lọ, kí fíúsì sì já. Bí wáyà ilẹ̀ bá ti já tẹ́lẹ̀, tàbí tí kò sí nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì látìbẹ̀rẹ̀, iná á dúró sára irin ẹ̀rọ náà ni, á máa retí ọwọ́ tó máa kàn án. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ló di wáyà ilẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa ti bá irú èyí gbé nílé. Ta ni kò mọ ilé tí wọ́n ti ń wọ sálúbàtà kí wọ́n tó ṣí fíríìjì? Ta ni kò rí i rí kí wọ́n ti ìdérí báírò bọ ihò òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé? A ti fi ṣe àṣà débi pé, bí ẹ̀rọ bá gbọ̀n wá lókè òkun níbí, a ó kàn wá sálúbàtà ni. Ẹ jẹ́ ká fi àṣà yẹn sílẹ̀ o. Ẹsẹ̀ kẹta pílọ́ọ̀gì gùn ju àwọn méjì yòókù lọ nítorí pé òun ló ń ṣí ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí wáyà ilẹ̀ lè ti wọlé ṣáájú kí iná tó dé. Ẹni tó bá fi báírò ṣí i ti sọ ààbò yẹn nù, bẹ́ẹ̀ ni pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì náà kò ní fíúsì nínú bíi ti ibí.

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣebí fíúsì wà ńbẹ̀, á já bó bá le." Ẹ gbọ́ ìṣirò yìí. Ènìyàn á mọ iná wáyà lára bó bá tó nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ámpíà. Bó bá tó ìdá 10 nínú ẹgbẹ̀rún, iṣan ọwọ́ lè di pọ̀, kí ènìyàn má lè jáwọ́ mọ́. Bó bá ti kọjá ìdá 30 nínú ẹgbẹ̀rún, ó lè da lílù ọkàn rú. Fíúsì inú pílọ́ọ̀gì, 3 tàbí 13 ámpíà ni. Èyí tó kéré jù nínú wọn, ìlọ́po 100 iye tó lè pa ènìyàn ni. Wáyà ni fíúsì ń dáàbò bò kó má baà jóná. Kò lè dáàbò bo ẹni tó di ẹ̀rọ mú.

Ohun tó ń dáàbò bo ènìyàn ni súwíìṣì kan tó wà nínú àpótí fíúsì, tí wọ́n ń pè ní RCD. Bó bá rí i pé iná tó ìdá 30 nínú ẹgbẹ̀rún ámpíà ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, bíi inú ara ènìyàn, kíá ló máa paná ilé. Bọ́tìnì kékeré kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n kọ T tàbí Test sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ó yẹ kí iná kú. Bí kò bá kú, tàbí tí ẹ kò rí RCD kankan nínú àpótí yín, ẹ sọ fún onílé.

Nípa gbígbọ̀n "díẹ̀" tí ọ̀pọ̀ ń sọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fetí sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé sálúbàtà tó wà lẹ́sẹ̀ yín àti ọwọ́ yín tó gbẹ ló jẹ́ kó mọ níwọ̀nba. Bí ọwọ́ bá tutù, tí ẹsẹ̀ wà lásán lórí táìlì, tí ọwọ́ kejì sì wà lára ẹ̀rọ omi, ẹ̀rọ kan náà yẹn lè pani lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ tó ń rákòrò kì í wọ sálúbàtà.

BÁWO LA ṢE MÁA MỌ ÌYÀTỌ̀?

Ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kejì láti dán an wò. Ẹ kàn ronú sí ohun tó ti ṣẹlẹ̀.

Iná ara ni, bó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì, tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àga, tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kóòtù. Bó bá ta páà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì tán. Bó bá jẹ́ pé oríṣiríṣi nǹkan ló ń ta yín, títí kan ohun tí kò ní wáyà rárá, bíi tírólì, ọwọ́ ilẹ̀kùn, kọ́bọ́ọ̀dù irin ní ọ́fíìsì tàbí èjìká ọ̀rẹ́ yín. Bó bá sì jẹ́ pé ìgbà òtútù ló ń ṣẹlẹ̀ jù.

Iná wáyà ni, bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ kan náà tàbí ibì kan náà ló ń ṣe é nígbà gbogbo, lójò lẹ́ẹ̀rùn. Bó bá ń gbọ̀n yín jìnnìjìnnì níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ yín wà níbẹ̀. Bó bá ń mú ẹlòmíràn nínú ilé náà. Bí ọwọ́ tó tutù bá ń mú un le sí i. Bí pílọ́ọ̀gì bá ń gbóná, tí ẹ ń gbóòórùn ohun tó ń jóná, tàbí tí iná ilé ń ṣẹ́jú.

Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ omi, sínkì, ṣáwà tàbí rádíétọ̀ ló ń gbọ̀n yín, ẹ má fi falẹ̀ rárá. Ó lè jẹ́ pé iná ti ráyè wọ gbogbo páìpù ilé.

Bí ẹ kò bá lè sọ èyí tó jẹ́, ẹ kà á sí iná wáyà. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò pàdánù ju owó oníṣẹ́ iná lọ.

LÁPTỌ́Ọ̀PÙ ŃKỌ́?

Àwọn kan máa ń sọ pé bí láptọ́ọ̀pù tàbí fóònù onírin bá wà lórí ṣájà, bí wọ́n bá fi ọwọ́ pa á jẹ́jẹ́, ó máa ń rìn wọ́n lọ́wọ́ bí ìgbà tí kòkòrò ń rìn. Ọ̀pọ̀ ṣájà irú èyí kò lo wáyà ilẹ̀, iná tín-ń-tín sì máa ń gba inú wọn dé ara irin. Bó bá jẹ́ ojúlówó ṣájà tó bá ẹ̀rọ náà wá, èyí kì í sábà léwu.

Ṣùgbọ́n bó bá ta yín gidi, bí ṣájà bá gbóná jù, bó bá ti sán, tàbí tó jẹ́ ayédèrú tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ọjà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ má sì lò ó mọ́. Ṣájà tí kò dára lè jẹ́ kí gbogbo 230 fólítì bọ́ sínú fóònù tó wà létí yín. Ẹ má fi fóònù tó wà lórí ṣájà sí abẹ́ ìrọ̀rí ọmọ, ẹ má sì gbé e wọ balùwẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Amẹ́ríkà, ẹ rántí pé 120 fólítì ni iná tiwọn. Áyọ́ọ̀nù tàbí búlẹ́ńdà tí wọ́n bá gbé wá fún yín láti ọ̀hún, tí a kò kọ 100–240 sí lára, kò gbọdọ̀ wọ iná ibí. Yíyí ẹsẹ̀ pílọ́ọ̀gì padà kì í yí fólítì padà.

OHUN TÍ Ẹ MÁA ṢE LỌ́JỌ́ TÍ Ẹ̀RỌ BÁ GBỌ̀N YÍN

1. Ẹ jáwọ́, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé fọwọ́ kàn án mọ́.

2. Pẹ̀lú ọwọ́ gbígbẹ, ẹ pa súwíìṣì sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kẹ́ ẹ tó yọ pílọ́ọ̀gì. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà bá tutù, tó bá gbóná, tàbí tó bá jẹ́ òun gan-an ló ta yín, ẹ má súnmọ́ ọn. Ẹ lọ pa súwíìṣì ńlá níbi àpótí fíúsì.

3. Ẹ lẹ bébà mọ́ ẹ̀rọ náà pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó. Ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ òru dé lè máà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

4. Ẹ pe oníṣẹ́ iná tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ bíi NICEIC tàbí NAPIT. A mọ̀ pé arákùnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí tó máa ń bá gbogbo wa tún nǹkan ṣe. Ẹ bá wa kí i, àmọ́ bí kò bá níwèé iṣẹ́ iná, kí ó má fọwọ́ kan èyí.

5. Bó bá jẹ́ ibi mítà tàbí wáyà ńlá tó ń gbé iná wọlé láti títì ni ìṣòro wà, ẹ pe 105. Ọ̀fẹ́ ni, lọ́sàn-án lóru, ní England, Scotland àti Wales. Bí iná bá ń jó tàbí ènìyàn bá fara pa, 999 ni kẹ́ ẹ pè.

BÍ Ẹ BÁ JẸ́ AYÁLÉGBÉ

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń dákẹ́, nítorí ẹ̀rù kí onílé má lé wọn jáde. Ẹ jẹ́ kí á sọ ohun tí òfin wí.

Ní England, láti ọdún 2020 ni òfin ti ní kí onílé aládàáni jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ yẹ gbogbo iná ilé wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún márùn-ún. Láti 1 April 2021 ló ti kan gbogbo ayálégbé, àtẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé àtẹni tó ti ń gbébẹ̀ tipẹ́. Onílé gbọ́dọ̀ fún yín ní ẹ̀dà ìwé àyẹ̀wò náà láàrin ọjọ́ 28. Ayálégbé tuntun gbọ́dọ̀ gbà á kí ó tó kó wọlé. Bí ìwé náà bá sọ pé àtúnṣe wà, onílé gbọ́dọ̀ ṣe é láàrin ọjọ́ 28, tàbí kó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ bí olùyẹ̀wò bá ní kó yá. Ní Scotland, irú àyẹ̀wò ọdún márùn-ún yìí ti wà fún ilé onílé aládàáni láti 2015. Ní Wales, ó bẹ̀rẹ̀ ní December 2022.

Bó bá jẹ́ ilé káńsù tàbí ti ilé iṣẹ́ tó ń pèsè ilé fún aráàlú ní England lẹ ń gbé, láti 27 October 2025 ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ wá wo ewu pàjáwìrì, kí wọ́n sì mú un kúrò láàrin wákàtí 24 tí wọ́n bá gbọ́ nípa rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń pè wọ́n, ẹ má sọ pé "iná ń ṣe wá díẹ̀díẹ̀". Ẹ sọ pé iná ń gbé ènìyàn nínú ilé, kẹ́ ẹ sọ bí àwọn ọmọ yín ṣe dàgbà tó.

Wáyà, sọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣáwà àti kúkà tí ẹ bá nínú ilé, ti onílé ni. Ẹ̀rọ tí ẹ fowó ara yín rà, tiyín ni. Ṣùgbọ́n bí sọ́kẹ́ẹ̀tì kò bá ní wáyà ilẹ̀, ẹjọ́ onílé ni, ẹ̀rọ yòówù kí ẹ fi sínú rẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tàbí ẹ fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ní ẹ̀rí. Ẹ sọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ tàbí ibi tó jẹ́, ẹni tí iná mú, àti pé ẹ fẹ́ kó wá tún un ṣe kíákíá, kẹ́ ẹ sì béèrè ẹ̀dà ìwé àyẹ̀wò. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà ohun tí ẹ kọ. Bí onílé bá dákẹ́, ẹ lọ bá ẹ̀ka tó ń rí sí ilé gbígbé ní káńsù. Wọ́n láṣẹ láti wá wò ó, kí wọ́n sì fi ipá mú onílé. Bó bá jẹ́ káńsù fúnra rẹ̀ ni onílé yín, tàbí ilé iṣẹ́ tó ń pèsè ilé, ẹ fi ẹjọ́ sun àwọn fúnra wọn lákọ̀ọ́kọ́. Bí ẹ̀dùn yín kò bá kúrò, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Housing Ombudsman. Citizens Advice àti Shelter náà ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ti lílé jáde, òfin àwọn ayálégbé tí wọ́n ṣe fún England ní 2025 fi òpin sí lílé ayálégbé aládàáni láìsí ìdí kankan, ọjọ́ tí wọ́n sì dá fún èyí ni 1 May 2026. Pé ẹ béèrè àtúnṣe kì í ṣe ìdí tí òfin mọ̀. Ẹni tó bá sì wá yẹ wáyà wò, wáyà ló wá wò. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ Home Office.

NÍBI IṢẸ́

Ní ọ́fíìsì, kápẹ́ẹ̀tì àti ìgbóná hítà ló sábà ń fa pé kí ọwọ́ ta lára kọ́bọ́ọ̀dù irin tàbí ẹ̀rọ fotokópì. Iná ara nìyẹn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe iṣẹ́ kílínì àti iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà, ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé lé wa lọ́wọ́ kì í sì í fìgbà gbogbo dára. Húfà tí wáyà rẹ̀ ti bó tí wọ́n fi tépù wé, kẹ́tùlù tí ìdí rẹ̀ ń jò, ẹ̀rọ tó ń fọ ilẹ̀ tó ń gbọ̀n yín lórí omi, ẹ má lò wọ́n.

Òfin ààbò níbi iṣẹ́ ti 1974, àti òfin lórí iná níbi iṣẹ́ ti 1989, ti sọ ọ́ di dandan fún ọ̀gá láti pèsè ohun èlò iná tí kò léwu. Òfin iṣẹ́ ti 1996 sì sọ pé wọn kò gbọdọ̀ fìyà jẹ òṣìṣẹ́ tó bá fi ohun tó léwu gidi sílẹ̀. Láti May 2021, èyí kan ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀jẹ́ńsì náà. Ẹ sọ fún súpáfáísọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀. Bí wọn kò bá kà á sí, ẹ wá rí wa tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín.

BÍ INÁ BÁ GBÉ ÈNÌYÀN

Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN. Iná á gbé ẹ̀yin náà. Ẹ pa iná níbi sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí níbi àpótí fíúsì. Bí ẹ kò bá lè pa á, ẹ dúró lórí ohun tó gbẹ, bí ìwé tó nípọn tàbí pákó, kẹ́ ẹ fi igi ìgbálẹ̀ gbígbẹ ti ẹ̀rọ náà kúrò lára rẹ̀. Ẹ má lo irin, ẹ má sì lo ohunkóhun tó tutù.

Ẹ pe 999. Bí kò bá mí, ẹni tó gbé fóònù á máa sọ fún yín bí ẹ ó ṣe máa tẹ àyà rẹ̀ títí wọn á fi dé. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ kódà bí ẹ kò kọ́ ọ rí. Ẹni tó bá dákú, tó jóná lára, tí àyà ń dùn tàbí tí ọkàn rẹ̀ ń lù kíkankíkan, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, kódà bó bá ní òun ti gbádùn. Aláboyún náà kò gbọ́dọ̀ dúró sílé, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá.

Ẹ̀yin ará wa, kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Iná ara, ẹ fi òrí pa ara, kẹ́ ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó bá ń gbọ̀n yín, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà má ṣú bá a lórí iná. Ẹ ka àlàyé yìí fún ìyá àgbà tó wà nílé, kẹ́ ẹ sì ka á fún àwọn ọmọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí á bá yín kọ lẹ́tà sí onílé, ẹ mú ìwé ilé yín dání wá sí ọ́fíìsì wa. A kì í gba kọ́bọ̀.